Ọ̀gá Tó Fi Fàdákà Pa Iná

Kò sẹ́ni tó bi Ọ̀gá léèrè rí bóyá ìmọ́lẹ̀ ti wà láyé kí wọ́n tó bí i. Bí ẹnìkan bá bi í, ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ ronú díẹ̀ kó tó dáhùn.

Òun ni olùdarí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ́lẹ̀, ilé alájà mẹ́ta kan tó kún fún fèrèsé, tí ìjọba kọ́ kí àwọn onímọ̀ lè máa wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ á fi wúlò fún ọmọ ènìyàn. Kó tó dé ipò yìí, onímọ̀ gidi ni. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ máa kà níwájú mú yín gbàgbé ìyẹn; òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbàgbé. Nígbà tó ṣì ń kọ́ni, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ìgò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń dúró sẹ́yìn lẹ́yìn iṣẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí i. Ìgbà tó yá, wọ́n fún un ní àga tó ń yí. Láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí rẹ̀, kò fọ ìgò kankan mọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń dúró sẹ́yìn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ni.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ á pé jọ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Igbákejì Ọ̀gá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, á pa gbogbo iná, wọ́n á sì dúró nínú òkùnkùn. Bí ẹsẹ̀ Ọ̀gá bá kan ẹnu ọ̀nà, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á tan iná, gbogbo wọn á wí lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ìmọ́lẹ̀ ti dé." Ọ̀gá á máa juwọ́ pé ó tó, ó tó, ẹ jókòó, bí ẹni tí wọ́n bá lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Lọ́jọ́ kan tí iná mànàmáná ò sí ní àdúgbò, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí títí ọ̀sán fi pọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe máa ní kó wọlé.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ilé náà wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń dúró sẹ́yìn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí. Ibà kan ń jà nílùú nígbà náà tí wọ́n ń pè ní adánidùbúlẹ̀. Bó bá mú ọmọdé tí wọ́n tètè mọ̀, oògùn rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀, ó lè ba etí ọmọ náà jẹ́, ó sì lè mú un lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jọ gbogbo ibà yòókù bí ìbejì ṣe ń jọra.

Ọ̀mọ̀wé wá ṣe bébà pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Aró kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ tó ní ibà náà bá kàn án, tí wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì búlúù sí i, á máa tàn bí tannátanná. Ṣùgbọ́n títàn rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ni Ọ̀mọ̀wé bá wọ́n fàdákà sí i, fàdákà tí wọ́n ti sọ di èérún, èérún tó kéré tó jẹ́ pé bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ sórí ìbú irun orí kan, àyè á ṣì kù. Àwọn èérún yìí máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, wọ́n á sì ran aró náà lọ́wọ́ láti tàn, tí ohun tí ojú ò rí á fi di ohun tí ìyá ọmọ pàápàá lè rí.

Ohun kan péré ló gba ìṣọ́ra níbẹ̀. Fàdákà ò gbọ́dọ̀ fara kan aró. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dáadáa, ṣùgbọ́n kí àyè tín-ín-rín wà láàárín wọn, èyí tí Ọ̀mọ̀wé fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí bí awọ. Bí wọ́n bá fara kanra, fàdákà á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì káló. Ta ló kọ́ Ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ yìí? Ọ̀gá ni.

Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ pé Mínísítà ń bọ̀ wá wo bébà náà, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìwádìí, èyí tí kò ṣe fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní láti fi ọ̀nà hàn án.

"Kí lo pe èyí tó wà láàárín?" Ó ń tọ́ka sí àwòrán tí Ọ̀mọ̀wé yà sára pátákó.

"Àyè ni, sà."

"Àyè," ni Ọ̀gá wí. Ó wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Nínú ilé-iṣẹ́ mi."

"Kékeré ni, sà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ní tàn."

Ọ̀gá káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa fara tì.

"Ọ̀mọ̀wé, nígbà tí mo gba ilé-iṣẹ́ yìí, àyè ló kún ibẹ̀. Àyè wà láàárín ìgbà tí ẹ dé àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo dí i. Àyè wà lára ògiri. Mo fi àwòrán mi dí i. Àyè wà láàárín ọ̀rọ̀ mi àti ìgbà tí ẹ bá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe dí ìyẹn. Ṣé ẹ wá rò pé mo ja gbogbo ìjà yìí kí fàdákà tí ìjọba rà lówó gọbọi lè wá dúró lókèèrè, kó káwọ́ gbera, kó máa wo aró níran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí. Ó ronú díẹ̀. "Rárá, sà."

"Sà, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ wa," ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń rán àgbàlagbà létí ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí. "Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ kí fàdákà ràn án lọ́wọ́, kó fún un láyè díẹ̀."

"Ìgbà yẹn, kí ni ipò mi?"

"Olùkọ́ ni yín, sà."

"Olùkọ́. Báyìí ńkọ́?"

"Olùdarí, sà."

"Ṣé ohun tí olùkọ́ mọ̀ lè wá ju ohun tí olùdarí mọ̀ lọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ìdáhùn bá wà sí ìbéèrè yìí, ẹ fi pamọ́ fún ara yín. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní ìdáhùn, wọ́n sì tún ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n bó gíláàsì náà kúrò, kí fàdákà àti aró gbá ara wọn mọ́ra bí ọmọ ìyá, kí wọ́n sì fi fàdákà kún un ní ìlọ́po mẹ́wàá, torí Mínísítà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi èérún kí.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé bébà tuntun náà wọ yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tó ní ibà kàn án, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì búlúù. Òkùnkùn náà ò yí padà. Wọ́n dúró. Ẹnìkan wúkọ́.

"Kò tàn, sà," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

"Mo rí i," ni Ọ̀gá wí láti inú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ní ibà, bébà á tàn. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò wá tàn. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Sà, àwa fúnra wa la fi ibà sínú ẹ̀jẹ̀ náà láàárọ̀ yìí."

"A jẹ́ pé ó ti kúrò níbẹ̀. Ó rí fàdákà, ó sá." Gbogbo yàrá náà gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn bọ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹ̀yin ń wá bébà tí yóò sọ pé ibà wà. Mo ti fún yín ní bébà tí ibà ò lè wà níwájú rẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé lóun ò ní fọwọ́ sí i. Kò pariwo, ó kàn ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e kúrò ní yàrá ìwádìí, wọ́n fi ṣe alábòójútó koríko tó yí ilé-iṣẹ́ náà ká. "Ìwọ tó fẹ́ràn àyè," ni Ọ̀gá sọ fún un, "àyè wà níta."

Báyìí ni bébà Ọ̀gá ṣe dé àwọn ilé ìwòsàn. Mínísítà wá, ó wo bébà náà nínú páálí, ó ní ó rẹwà. Oògùn adánidùbúlẹ̀ ò pọ̀, nítorí náà Ọ̀gá gba ìjọba nímọ̀ràn pé ẹni tí bébà bá ti ní ara rẹ̀ le, dókítà ò gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn ibà, bó ti wù kó máa gbọ̀n tó. Dókítà tó bá fún un, kó máa lọ sílé. Ìjọba gbà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n yẹ gbogbo ìlú wò, kò sẹ́ni tó ní ibà. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí. Wọ́n ti wọ́ọ̀dù oníbà pa, wọ́n sì fi kó páálí bébà tí wọn ò tíì lò sí.

Kò pẹ́ tí olórí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé fi wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, tó máa ń wọ bàtà pẹlẹbẹ, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìyá Dókítà. Ó kọ́kọ́ dúró nínú òkùnkùn kí wọ́n tó tan iná. Kò sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé.

"Ọ̀gá, ọmọ kan tí mo gbé láàárọ̀ yìí, ara rẹ̀ ń jó bí áyọ́ọ̀nù. Bébà yín ní kò sóhun tó ṣe é."

"Kí lẹ fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ń jó?"

"Ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ yín," ni Ọ̀gá wí pẹ̀lú àánú. "Dókítà, mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ṣe é? Ẹran. Kí ni wọ́n fi ṣe bébà mi? Fàdákà. Èwo ni kí ìjọba gbà gbọ́?"

Ìyá Dókítà wò ó bó ṣe máa ń wo ọmọ tó gbé bọ́tìnnì mì. "Mo ti gbọ́, sà," ló wí, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni àìsàn tuntun kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní àárẹ̀. Ọmọ ọwọ́ á dé pẹ̀lú àárẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn àárẹ̀, èyí tó jọ oògùn ibà lójú, lóórùn àti nínú ìgò, àárẹ̀ náà á sì lọ. Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ pé àárẹ̀ ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ lórí ìwà ọ̀lẹ láàárín àwọn ọmọ ìkókó.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní Ìyá Dókítà.

Ìjọba ní àwọn máa fi Ọ̀gá jẹ oyè, torí kò sẹ́ni tó lé ibà kúrò nílùú rí láìlo oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a so táì. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọrùn Ọ̀gá.

"Bàbá wọn, ara yín gbóná."

"Ayọ̀ ni."

"Ẹ tún ń gbọ̀n."

"Ìyá wọn, ara ẹni ńlá kì í tutù lọ́jọ́ oyè." Ó wọ kóòtù, ó wọkọ̀.

Ní gbọ̀ngàn, Mínísítà jókòó níwájú, àwọn oníròyìn tò sẹ́yìn. Wọ́n pa iná, wọ́n tan án, ìmọ́lẹ̀ dé. Ọ̀gá gun orí pèpéle, ó kí àwọn ènìyàn ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kí ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibà dà? Mo ní, ibà dà? Ẹ wò yíká. Ẹ wò mí. Ṣé ẹ rí ibà níbì kankan?" Bó ṣe sọ ìyẹn tán ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì yẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí pèpéle, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé kò sí nínú ètò.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́ọ̀dù oníbà kún fún páálí títí dé àjà, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni bẹ́ẹ̀dì kù sí. Bẹ́ẹ̀dì náà parí síbi orúnkún Ọ̀gá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án àfi kí wọ́n kọ́kọ́ lo bébà. Wọ́n lò ó. Bébà ò tàn.

"Ẹ kú oríire, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀. "Kò sóhun tó ṣe yín."

"Òtútù ń mú mi," ni Ọ̀gá wí.

"Bébà ní kò mú yín, sà."

Ìyá Dókítà ti mú ìgò oògùn dání. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà na ọwọ́ dí i. Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá pàṣẹ, pé kò sẹ́ni tó máa fi oògùn ba orúkọ Ọ̀gá jẹ́ lójú òun. Ó ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Mínísítà, tó tẹ̀lé wọn wá pẹ̀lú àmì oyè náà nínú àpò rẹ̀, jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ fi ń jẹun.

Ọ̀gá wo ìgò náà. Ó wo Mínísítà. Ibà ti gùn ún débi pé ògiri ń sún mọ́ ọn tó sì ń padà, síbẹ̀ ó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀: bó bá dákẹ́, oyè ni; bó bá sọ̀rọ̀, oògùn ni. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: kò tètè pinnu.

Ìyá Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Ọ̀gá, ọmọ kan wà ní ilé ìwòsàn kejì. Obìnrin ni, bàbá rẹ̀ ń tún bàtà ṣe. Wọ́n tẹ̀lé àṣẹ yín níbẹ̀. Ó yè. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kọrin fún un kó lè sùn; ó ní òun ò mọ ohun tóun tún lè ṣe."

Ọ̀gá ò gbọ́ irú ìyẹn rí láti ìgbà tó ti jókòó lórí àga tó ń yí. Ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó dé etí rẹ̀, òun náà ò sì béèrè. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló ń fi wọ́lẹ̀ lọ bá a.

"Bébà náà ń parọ́," ni Ọ̀gá wí.

Ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì yòókù yíjú wò ó.

"Ibà ló ń sọ ọ́, ẹ má dá a lóhùn," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí kíákíá.

Ìyá Dókítà kọjú sí i. "Igbákejì, bí kò bá ní ibà, orí rẹ̀ pé, àṣẹ ọ̀gá yín lẹ sì gbọ́ yẹn: bébà ń parọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ibà ló ń sọ ọ́, a jẹ́ pé ibà wà lára rẹ̀: bébà ń parọ́. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní kí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà mú èyí tó wù ú. Ó wo Ọ̀gá, ojú Ọ̀gá ti pa dé. Ó wo Mínísítà, Mínísítà ń wo àjà. Òógùn bò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Mínísítà dìde. Ó ní orílẹ̀-èdè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá fún òtítọ́ inú rẹ̀, kó máa sinmi. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. "Ẹ máa sinmi lọ," ló wí. Àmì oyè náà wà nínú àpò rẹ̀ nígbà tó ń jáde.

Wọ́n mú Ọ̀mọ̀wé wọlé láti ibi koríko, wọ́n ní kó máa darí ilé-iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀ láti sọ fún un pé láti ìgbà èwe òun lòun ti fẹ́ràn àyè. Ọ̀mọ̀wé ní inú òun dùn láti gbọ́, pé àwọn ìgò tó ti pẹ́ láìfọ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n kó gbogbo bébà tó wà níta padà, oògùn sì ń lọ fún ẹni tó bá ń gbọ̀n.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọ̀gá gbà á, ó wá ilé atúnbàtàṣe náà lọ. Ọkùnrin náà ò ní kó wọlé. Ọ̀gá, tó lè fi ààbọ̀ wákàtí kí ènìyàn, wá ọ̀rọ̀, kò rí. Ó ní òun ló fà á, kí wọ́n forí jì òun. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. "Mo gbọ́," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá wá lọ sí ilé-iṣẹ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n ń dán bébà wò. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ẹ wọlé, sà, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé," ni Ọ̀mọ̀wé wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Bébà tuntun náà ń tàn, ṣùgbọ́n ó ń tàn bí ẹni tó ń tijú. Ọ̀mọ̀wé ní àwọn ti ń ṣe é láti ọjọ́ mélòó kan, pé ó dà bí ẹni pé ó lè dáa jù báyìí lọ. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè bí gíláàsì àárín ṣe nípọn tó, wọ́n sọ fún un.

"Fi díẹ̀ kún àyè náà," ló wí. "Díẹ̀ ni o."

Wọ́n fi kún un. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tútù kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé yọ lára bébà náà, ó hàn kedere, wọ́n rí ìka ọwọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé wò ó, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì mú òmíràn.

Nígbà tí Ọ̀gá délé, ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Ó bi í pé kí ni wọ́n sọ fún un níbi tó lọ.

"Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí èérún fàdákà ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, bó ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ aró tó, bí kò ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn jù. Ó ń fi ṣíbí yà á sórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń bi í léèrè, Ọ̀gá ń dáhùn, oúnjẹ sì tutù mọ́ wọn níwájú.